Ta Ni Ó Ni Ife Ẹ̀yẹ Náà?

Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Òwe yìí ni àwọn àgbà àdúgbò Alẹ́kùúwodò ní ìlú Òṣogbo fi máa ń pa wá lẹ́nu mọ́ nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan bọ́ọ̀lù ayé àtijọ́. Bí àwa bá mú ìwé jáde, wọn a ní ojú àwọn ni ó ṣe. Bí a bá ka ọdún, wọn a ka orúkọ. Láti ìgbà tí mo ti ń gbé àdúgbò náà, agbára káká ni ọ̀sẹ̀ kan fi ń kọjá kí àríyànjiyàn yìí má bẹ́ sílẹ̀ ní ìsọ̀ àwọn tí ń ta ìwé ìròyìn: ife mélòó gan-an ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Shooting Stars ti Ìbàdàn gbà, ta sì ni ó ni wọ́n?

Ẹni tí ń kọjá lọ lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìtàn ni, ó sì jẹ́ irú ọ̀rọ̀ tí àwa tí a ń kọ́ ìtàn ní yunifásítì ń gba oyè lé lórí. Bí ilé bá yí orúkọ padà, ṣé ilé kan náà ni? Bí ilé bá pín sí méjì, ta ni ó jogún ògo àná? Ohun tí ó sì mú mi kọ ọ́ sílẹ̀ ni pé àwọn tí ó fi ojú ara wọn rí ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá kú a máa mú ẹ̀rí tirẹ̀ lọ.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Ife tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni èyí tí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Nàìjíríà ń du láti ọdún 1945. Ife Gómìnà ni a ń pè é nígbà náà, ẹgbẹ́ Marine ti Èkó ni ó sì kọ́kọ́ gbà á. Lẹ́yìn náà ni ó di Challenge Cup, orúkọ tí àwọn àgbà Alẹ́kùúwodò kò fẹ́ fi sílẹ̀ títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Federation Cup ni àwọn aláṣẹ ń pè é nísinsìnyí. Kí líìgì gbogbo orílẹ̀-èdè tó bẹ̀rẹ̀ ní 1972, tí Mighty Jets ti ìlú Jos sì kọ́kọ́ gbà á, ife yìí ni òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ ẹgbẹ́ tí ó jẹ́ ọ̀gá láàrin gbogbo ẹgbẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni àwọn kan ń kà fún Shooting Stars: 1959, 1961, 1966, 1969, 1971, 1977, 1979 àti 1995. Ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ tí a fi gbà wọ́n. Mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ Ibadan Lions ni ó gbà wọ́n. Ti 1971, ẹgbẹ́ WNDC ni ó gbà á mọ́ Rangers ti Enugu lọ́wọ́; WNDC yìí ni ilé-iṣẹ́ ìdàgbàsókè tí ó jẹ́ ti ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. IICC Shooting Stars ni ó gba ti 1977 àti ti 1979. Nígbà tí ó fi máa di 1995, IICC ti kúrò níwájú orúkọ náà, Shooting Stars nìkan ni ó kù.

Níbí ni ọ̀nà ti pín sí méjì ní Alẹ́kùúwodò. Àwọn onímẹ́jọ wà, àwọn onímẹ́rin sì wà. Àwọn onímẹ́jọ ní orúkọ nìkan ni ó ń yí, ilé kò yí. Wọ́n ní nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní àwọn ọdún 1830, tí Aláàfin Àtìbà sì lọ tẹ ìjọba rẹ̀ dó sí Àgọ́ Ọjà, ta ni ó sọ pé Ọ̀yọ́ tuntun kò ní ìpín nínú ògo Ọ̀yọ́ àtijọ́? Aláàfin ṣì ni Aláàfin. Bákan náà ni bọ́ọ̀lù Ìbàdàn ṣe ṣí láti ọwọ́ Lions dé ọwọ́ WNDC, tí ó sì ti ibẹ̀ dé ọwọ́ IICC.

Àwọn onímẹ́rin dáhùn pé àpèjúwe náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò bá ọ̀rọ̀ mu. Ọ̀yọ́ Ilé ti tú kí tuntun tó dúró. Ní ti Lions àti WNDC, àwọn méjèèjì jọ wà ní àkókò kan náà ní àwọn ọdún 1960 ni. A kì í jẹ àrólé ẹni tí ó ṣì wà láàyè.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú kí n lọ wo bí wọ́n ti ń ṣètò bọ́ọ̀lù láyé ìgbà náà, mo sì rí i pé ibẹ̀ gan-an ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ní òde Èkó, ìlú ni ó sábà máa ń fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti du ife. Wọn a ṣa àwọn tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù láti inú oríṣiríṣi ẹgbẹ́ tí ó wà ní ìlú, wọn a sì fi orúkọ ìlú pè wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni Kano ṣe gbà á ní 1953, tí Calabar gbà á ní 1954, tí Port Harcourt sì gbà á ní 1955. Èkó ni àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń dá dúró: Railway gbà á ní 1956 àti 1957, ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná ECN sì gbà á ní 1960, Lions kan náà ni ó sì nà ní àṣekágbá ọdún náà. Lions jẹ́ ti gbogbo Ìbàdàn. Kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kan.

Àwọn onímẹ́jọ tún ní èsì kan lẹ́nu. Wọ́n ní àwọn ẹsẹ̀ tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún Lions, àwọn kan nínú wọn náà ni ó gbá a fún WNDC. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa ọmọ àgbẹ̀ mọ ohun tí à ń pè ní àáró. Bí mo bá bá ọ kọ ebè lónìí, ìwọ náà yóò bá mi kọ tèmi lọ́la. Nígbà tí iṣu bá ta, oko ta ni? Ti ẹni tí a lọ bá ṣiṣẹ́ ni, kì í ṣe ti ẹni tí ó ni ọkọ́. Nítorí náà, ní ti èmi, ife mẹ́rin ni ti Shooting Stars: 1971, 1977, 1979 àti 1995. Mẹ́rin yòókù jẹ́ ti ìlú Ìbàdàn, ògo wọn kò sì dín kù nítorí èyí. Bí a bá kó wọn fún Shooting Stars, orúkọ Lions ni a pa rẹ́ nínú ìtàn, èyí sì burú ju kí ife ẹgbẹ́ kan dín kù lọ.

Ibi tí mo parí ẹjọ́ ti Ìbàdàn sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ni ó kan Òṣogbo nínú rẹ̀? Ó kàn án gidigidi, nítorí pé ìbéèrè kejì ni ó ń mú kí ohùn ga jù ní Alẹ́kùúwodò: ṣé àwa náà ní ìpín nínú ife wọ̀nyí?

Ẹ rántí pé ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976 ni ìjọba ológun pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Òṣogbo, Iléṣà àti Ifẹ̀ bọ́ sí abẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Kí ọdún náà tó parí ni IICC Shooting Stars, pẹ̀lú Sam Ojebode gẹ́gẹ́ bí balógun wọn, gba ife Áfíríkà ti àwọn tí ó gba ife ní orílẹ̀-èdè wọn. Ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan kò tíì gba ife Áfíríkà rí ṣáájú wọn. Tonnerre ti Yaoundé ni wọ́n bá pàdé ní àṣekágbá, ẹgbẹ́ tí ó ti gba ife náà ní 1975, tí Roger Milla sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún. 4 sí 1 ni wọ́n nà wọ́n ní Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n dé Yaoundé, Tonnerre rí 1 sí 0 mú, ṣùgbọ́n kò tó.

Ní ọdún náà, kò sí ẹni tí ó bi Òṣogbo léèrè ìdí tí ó fi ń jó. Ìpínlẹ̀ kan ni wá, ife wa ni. Àfi ìgbà tí ó di ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991 tí a dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, tí Òṣogbo sì di olú-ìlú rẹ̀. A jókòó láti pín ogún, a pín òṣìṣẹ́, a pín dúkìá. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù dúró sí Ìbàdàn. Òṣogbo wá gbé ojú lé Prime FC tirẹ̀, Ìbàdàn sì ń bá Shooting Stars lọ. Kò sí ẹni tí ó rántí béèrè pé ògo ọdún 1976 ńkọ́.

Ẹ̀yin náà mọ àwọn Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Òṣómàáló. Ẹni tí ó bá jẹ wọ́n lówó aṣọ, wọn yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí yóò fi san án. Àwọn tí wọ́n ti Iléṣà wá ń gbé Alẹ́kùúwodò a máa sọ pé gbèsè ni ọ̀rọ̀ yìí: owó orí àwọn baba wa wà nínú owó tí a fi tọ́jú IICC, kí Ìbàdàn wá san ìpín tiwa. Àwọn mìíràn a dá wọn lóhùn pé kò sí gbèsè kankan, nítorí pé ní nǹkan bí 1840 ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn wá bá Òṣogbo lé ogun Ìlọrin, a kò sì tíì san ti ìyẹn. Gbogbo ènìyàn a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yìí kò mú ìbéèrè náà kúrò nílẹ̀.

Èmi gbà pé àṣà ogún pípín ti Yorùbá ti dá ẹjọ́ yìí tẹ́lẹ̀. Bí baba bá kú, a lè pín owó rẹ̀ àti aṣọ rẹ̀ ní ìdí-igi tàbí ní orí-ò-jorí. Ṣùgbọ́n a kì í pín ilé ẹbí. Dáwódù ni yóò máa gbé inú rẹ̀, òun ni yóò máa tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ tí a bí sínú ilé náà ni ó ní ẹ̀tọ́ àtiwọlé, bí wọ́n tilẹ̀ ti kọ́ ilé tiwọn sí ìlú mìíràn. Ife ọdún 1976 jẹ́ ilé ẹbí. Ìbàdàn ni Dáwódù. Kí ó máa tọ́jú rẹ̀. Òṣogbo àti Iléṣà ní ẹ̀tọ́ àtiwọlé, nítorí pé inú ilé kan náà ni a wà ní ọjọ́ tí a gbà á. Ní 1992, Shooting Stars gba ife CAF nígbà àkọ́kọ́ tí a du ife náà, wọ́n sì na Nakivubo Villa ti Uganda 3 sí 0 ní Ìbàdàn lẹ́yìn tí wọ́n ta ọ̀mì ní òkèèrè. A ti kó jáde nígbà yẹn. A lè bá wọn yọ̀ gẹ́gẹ́ bí aládùúgbò, ṣùgbọ́n a kò lè pè é ní tiwa.

Òfin méjì péré ni mo rí fà yọ, mo sì rò pé wọ́n tó láti fi dá ọ̀pọ̀ irú ẹjọ́ yìí. Èkíní, orúkọ tí a fi gba ife ni ó ni ín. Èkejì, àwọn tí ó wà nínú ilé ní ọjọ́ tí a gbà á ni ó ní ìpín nínú ògo rẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú ọ̀rọ̀ yìí ń dààmú. Ní Amẹ́ríkà, àwọn yunifásítì ni ó ń gbá bọ́ọ̀lù ilẹ̀ wọn, èyí tí a ń fi ọwọ́ gbé sáré, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn sì ń wò ó. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí àṣekágbá kankan tí ó ń fi ẹni tí ó borí hàn. Láti 1936 ni ilé-iṣẹ́ ìròyìn Associated Press ti ń gba ìbò àwọn akọ̀ròyìn láti fi mọ ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá. Ní 1941, Minnesota ni wọ́n dìbò fún. Alabama, tí wọ́n nà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún náà, wà ní ipò 20. Lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ọdún, Yunifásítì Alabama kọ 1941 mọ́ àwọn ọdún tí ó jẹ́ ọ̀gá. Ní 2017, University of Central Florida borí nínú gbogbo eré 13 tí wọ́n ṣe. Wọn kò jẹ́ kí wọ́n bá àwọn mẹ́rin tí ó kẹ́yìn díje. Ni wọ́n bá kéde ara wọn ní ọ̀gá, wọ́n sì yan káàkiri ìgboro. Ìràwọ̀ mẹ́rin ni Uruguay náà ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀wù, bẹ́ẹ̀ ife àgbáyé méjì ni wọ́n gbà, ní 1930 àti 1950. Bọ́ọ̀lù Òlíńpíìkì ọdún 1924 àti 1928 ni wọ́n fi kún un.

Bí ó ti wù kí ó rí, kò yẹ kí a rò pé ohun tí a bá ti kọ sílẹ̀ ti di òtítọ́ nìyẹn. Ní oṣù Keje ọdún 2013, nínú ìdíje láti gòkè sí ìpele líìgì kékeré ní ilẹ̀ wa, Plateau United Feeders na Akurba 79 sí 0, Police Machine sì na Bubayaro 67 sí 0. Ó wà nínú ìwé. Ọdún mẹ́wàá ni àwọn aláṣẹ fi dá ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró. Ní 2020, àrùn Kòrónà dá líìgì dúró láàárín ọ̀nà; ìpíndọ́gba àmì-ayò ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀, Plateau United sì wà lókè. Bí ọmọ wa bá bi wá léèrè lọ́la pé ta ni ó gba líìgì ọdún náà, kí ni a ó sọ? Ìwé lè sọ iye. Ẹnu àwọn tí ó wà níbẹ̀ ni yóò sọ bí iye náà ṣe dé.

Àríyànjiyàn kan wà tí òfin méjì mi kò lè parí fún àwọn ará Alẹ́kùúwodò. Èyí ni ti 1977, nígbà tí IICC àti Rangers pàdé kí wọ́n tó dé àṣekágbá ife Áfíríkà kan náà. Wọ́n ta ọ̀mì 0 sí 0 ní Èkó, wọ́n tún ta ọ̀mì 0 sí 0 ní Kàdúná. Pẹ́náritì ni Rangers fi borí, wọ́n sì lọ na Canon ti Yaoundé láti gba ife náà. Títí di òní, ẹ óò gbọ́ ní Alẹ́kùúwodò pé Rangers kò na wá: ta ni ó gbá a wọlé? Mo mọ ìrora tí ó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní 1970 ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń wo pápá bí ibi tí a ti ń wọn ìlú mọ́ ìlú. Ṣùgbọ́n a ti mọ òfin pẹ́náritì kí a tó wọ pápá. Ẹni tí ó ta ayò tí ó gba òfin ayò, tí wọ́n wá jẹ ẹ́, kò lè sọ pé ọmọ ayò ni ó dà á.

Ní ti àwọn akọni agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn, ibẹ̀ ni mo ti ń gbà fún àwọn àgbà. Wọ́n ní Teslim Balogun ni ọ̀gá gbogbo wọn, ẹni tí ìbọn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú kí a máa pè é ní Thunder. Ó wà lára àwọn tí ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1949, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù níwájú àwọn òyìnbó. Ní 1956 ó bọ́ sí ẹgbẹ́ Queens Park Rangers. Àwọn tí ó kéré sí wọn ní Segun Odegbami ni, akẹ́kọ̀ọ́ Pólì Ìbàdàn tí ó gbá méjì wọlé nínú mẹ́ta tí a fi na Algeria ní àṣekágbá ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Èkó ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1980. Àwọn mìíràn ní Muda Lawal tí ó gbá ẹ̀kẹta ni, mẹkáníìkì tí ó dìde láti kòtò ọkọ̀, tí ó sì lọ sí ìdíje náà lẹ́ẹ̀marùn-ún láti 1976 dé 1984. Àwa ọmọ ìgbẹ̀yìn a ní Rashidi Yekini ni, ẹni tí ó kọjá ní Shooting Stars kí ó tó lọ sí òkè òkun, tí ó gbá 37 wọlé fún Nàìjíríà, tí ó sì gbá èyí àkọ́kọ́ tí a gbá nínú ife àgbáyé, mọ́ Bulgaria, ní 1994.

Báwo ni a ṣe fẹ́ wọn wọ́n? Nọ́ńbà Yekini wà lákọsílẹ̀. Èwo ni a ó fi wọn ti Thunder? Ohùn rédíò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ àwọn yòókù. Ernest Okonkwo, tí ń ròyìn eré lórí rédíò, ni ó sọ Odegbami ní Mathematical, tí ó sì sọ Adokiye Amiesimaka, akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Yunifásítì Èkó, ní Chief Justice. Iṣẹ́ akígbe-oríkì ni ó ń ṣe, bí kò tilẹ̀ ṣe é ní èdè wa. A kì í fi oríkì ọ̀kan wọn oríkì èkejì. Ohun tí oríkì wà fún ni pé kí orúkọ má parun.

Orúkọ sì lè parun. Muda Lawal lọ ní 1991, Best Ogedegbe tí ó ṣọ́lé ní 1980 lọ ní 2009, Yekini lọ ní 2012. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún Lions kò ní oríkì rédíò, wọn kò sì ní ìwé. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin olùkọ́ tí ń yan iṣẹ́ àṣekágbá fún wọn: ẹ má jẹ́ kí a dúró lórí ìtàn ogun àti ti ọba nìkan. Ẹ lọ tú Daily Times, Nigerian Tribune àti Ìròyìn Yorùbá àtijọ́ wò ní ibi ìkówèésí. Ẹ kọ orúkọ àwọn tí ó wọ pápá sílẹ̀ ní ọdún kọ̀ọ̀kan láti 1959 sí 1969. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìwé yín wá sí Alẹ́kùúwodò, kí ẹ kà á sí etí àwọn àgbà. Ibi tí wọ́n bá ti jiyàn, ẹ kọ iyàn náà sílẹ̀ pẹ̀lú. Ife lè wà ní àpótí Ìbàdàn títí ayé. Ìtàn rẹ̀ ni gbogbo wa jọ ni.